Ohun Tí Ọjà Norwich Kọ́ Wa Nípa Gẹ̀ẹ́sì Àwọn Ọmọ Wa

Nígbà ìsinmi àwọn ọmọ, a kúrò ní Àbújá, a lọ kí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Norwich, ní apá ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti Liverpool Street ní Lọ́ńdọ̀nù, bíi wákàtí méjì ni rélùwéè fi gbé wa débẹ̀.

Ọjà la kọ́kọ́ lọ. Ó ti tó nǹkan bí 900 ọdún tí wọ́n ti ń ná ọjà náà láàárín ìlú. Òrùlé aláwọ̀ oríṣiríṣi ló bo àwọn ìsọ̀, ilé ìjọba ìlú tí wọ́n ṣí ní 1938 sì dúró gàgàrà lókè wọn. Ẹni tó bá ti ná ọjà Wuse rí kò ní sọnù níbẹ̀, àfi pé kò sẹ́ni tó ń fa èèyàn láṣọ pé kó wá rà.

Níbi tí a ti ra ọ̀dùnkún díndín, ọkùnrin tó ń tà á ní, "That go lovely with vinegar." Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fà wá lápá: "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe 'goes' ni?"

Kì í ṣe àṣìṣe. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lágbègbè náà látijọ́ nìyẹn. Àwa Yorùbá náà, "mo lọ", "ó lọ", "lọ" kan náà ni. Obìnrin tí wọ́n jọ ń tajà ń pe "beautiful" ní "bootiful" bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọjú sí wa, ó pe "beautiful" bíi ti ìwé. Ọkùnrin yẹn ò yí tiẹ̀ padà.

A rántí ohun tí a kà nílé ìwé. Ní 1968, Peter Trudgill, ọmọ bíbí Norwich, fọ̀rọ̀ wá 60 ará ìlú náà lẹ́nu wò, ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ bíi "walking", àwọn obìnrin ń pe ìparí rẹ̀ bíi ti ìwé ju àwọn ọkùnrin lọ. "Walkin'" pọ̀ lẹ́nu ọkùnrin. Ó tún bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe rò pé àwọn ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin kan ní bíi ti àdúgbò ni, bẹ́ẹ̀ ohùn tó gbà sílẹ̀ fi hàn pé bíi ti ìwé ni. Ti àwọn obìnrin kan sì jẹ́ òdìkejì.

Àlàyé tó ṣe ni pé lójú ọkùnrin, èdè àdúgbò ni èdè akin. Obìnrin ní tiẹ̀, ìrísí àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Ṣé àbímọ́ni wá ni? Rárá o. Ní Belfast, láàárín ọdún 1970 sí 1980, Lesley Milroy rí i pé ní àdúgbò Clonard, níbi tí iṣẹ́ ti wọ́n àwọn ọkùnrin, tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin sì jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin náà ló ń lo ohùn àdúgbò ju àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ nínú àwọn ìró kan. Iṣẹ́ ẹni àti ẹni tí à ń bá rìn ló ń tún ẹnu ṣe.

Lálẹ́, a ń fi ọ̀rọ̀ ọjà ṣẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n wa wò wá, wọ́n ní: "Àbúrò rẹ̀ ti sọ 'he go' lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, ẹ rẹ́rìn-ín. Èyí obìnrin ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dá a dúró lójú gbogbo wa."

A ò rí èsì fọ̀. "Ọkùnrin ni, yóò mọ̀ ọ́n tó bá yá" la máa ń wí. Ti obìnrin, "Wọn á ní a ò kọ́ ọ nílé." Ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tó ti máa ń dákẹ́ bí àlejò bá wà. Àwa rò pé ìtìjú ni.

Láti ìgbà tí a ti padà sí Àbújá, a ti jọ ṣàdéhùn: bí a bá máa tún ti obìnrin ṣe, a ó tún ti ọkùnrin ṣe, kò sì ní jẹ́ lójú àlejò. Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Wọn ò ní obìnrin nìkan ni kó máa rù ú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Nílé yín, Gẹ̀ẹ́sì ta lẹ máa ń tún ṣe jù?