Pápá Marine ní Crosby

Etí òkun ni ìlú Crosby wà, kò jìnnà sí Liverpool. Ẹni tó bá dúró sí etíkun rẹ̀ yóò máa rí ọkọ̀ ojú omi bí wọ́n ṣe ń wọ èbúté Liverpool, tí àwọn mìíràn sì ń jáde. Ọ̀nà omi yìí ni ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Apapa gbà wọlé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1949. Láti Èkó ló ti gbéra. Agbábọ́ọ̀lù 18 ló wà nínú rẹ̀, ikọ̀ àkọ́kọ́ tí Naijíríà máa kó jọ láti lọ gbá bọ́ọ̀lù nílùú òyìnbó, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìjọba àmúnisìn.

Wọn kò mú wọn lọ sí àwọn pápá ńlá Liverpool, ìyẹn Anfield àti Goodison Park. Pápá ẹgbẹ́ Marine ní Crosby ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá a.

Etim Henshaw ni balógun ikọ̀ náà. Sam Ibiam ni aṣọ́lé. Níwájú ni Tèsílímì Balógun wà, ọmọ Èkó tí àwọn èèyàn sọ ní Thunder nítorí bí bọ́ọ̀lù ṣe máa ń dún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà. Bándéèjì ni wọ́n wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Èrò bí 4,000 ló ya wá wòran. Marine kò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ọ̀hún sì ṣì ń tọ́ka sí ọjọ́ tí Naijíríà wá gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù lọ. Àmì ayò 5 sí 2 ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà parí sí. Naijíríà ló jáwé olúborí.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí akọ̀wé yìí ti ń kọ́ àwọn ọmọdékùnrin ní bọ́ọ̀lù ní Mushin. Kóòṣì ni wọ́n ń pè é. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kò mọ orúkọ mìíràn fún un. Lẹ́nu bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Marine. Bàbá náà kò dé England rí, àmọ́ ó mọ 5 sí 2 yẹn bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ọmọ tó bá ń sunkún pé òun kò ní bàtà bọ́ọ̀lù.

Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù mọ ohun tí ẹsẹ̀ lásán lè ṣe. Ọmọ tí kò wọ bàtà máa ń tètè mọ bọ́ọ̀lù lára. Ó mọ ibi tó yẹ kó ti fi ìka gbá a, ó mọ ibi tó yẹ kó ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ dá a dúró. Ṣùgbọ́n kí òjò rọ̀ sórí koríko, kí ọmọ ọ̀hún sáré, kó tún fẹ́ yí padà lójijì, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Koríko tútù ilẹ̀ òyìnbó kò ṣojú rere sí àwọn ọmọ wa bí ìrìn àjò náà ṣe ń lọ. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n gbá, méjì ni wọ́n borí, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú márùn-ún. Bishop Auckland borí wọn. Dulwich Hamlet náà fi 1 sí òdo borí wọn. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown ní oṣù Kẹwàá, wọ́n sì fi 2 sí òdo na Sierra Leone. Ìyẹn ni wọ́n kà sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí Naijíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Ta wá ni Marine yìí gan-an?

Ọdún 1894 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ilé ìtura kan wà ní Waterloo, nítòsí Crosby, tó ń jẹ́ Marine Hotel. Ibẹ̀ ni àwọn tó dá a sílẹ̀ ti ń pàdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti mú orúkọ. Láti ọdún 1903 ni wọ́n ti wà lórí pápá tí wọ́n wà títí dòní, èyí tí a mọ̀ sí Rossett Park. Àárín ilé àwọn èèyàn ni pápá náà wà. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀yìnkùlé àwọn ará àdúgbò ló kángun sí ìlà pápá. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá gbá bọ́ọ̀lù sókè jù, inú ọgbà òdòdó ẹnìkan ni yóò balẹ̀ sí. Ọmọ Mushin kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún òun.

Ẹgbẹ́ 92 ló wà nínú ipele mẹ́rin tó ga jù lọ ní England. Gbogbo ẹgbẹ́ tó bá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní non-league, wọ́n sì pọ̀ bí ewé. Àwọn ni ẹgbẹ́ ìlú kéékèèké. Olùkọ́ ilé ìwé, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn àti kọ́lékọ́lé ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ní ọjọ́ Ajé. Ní ọdún 1932, Marine dé àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Amateur Cup, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í gba owó iṣẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù. Dulwich Hamlet fi 7 sí 1 nà wọ́n lọ́jọ́ náà. Dulwich yìí kan náà ni àwọn ọmọ wa bá pàdé ní ọdún 17 lẹ́yìn náà.

Ọdún 1972 ni Tèsílímì Balógun kú. Ọdún yẹn náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Roly Howard di akọ́nimọ̀ọ́gbá Marine.

Níbi tí ọ̀rọ̀ Howard bá dé, akọ̀wé yìí kì í lè kánjú. Fèrèsé ni Howard ń nù jẹun. Yóò gbé àkàbà, yóò gbé korobá omi, yóò máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ilé Kenny Dalglish, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ẹgbẹ́ Liverpool, wà lára ilé tó ń nu fèrèsé wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó di pápá. Ọdún 33 ló fi ṣe é, láti 1972 títí di 2005. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 1,975 ló darí fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ìwé Guinness sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ ńlá tó bá lo ọdún mẹ́ta lónìí, wọ́n á ní ó ti pẹ́ níbẹ̀.

Howard kò kàn jókòó sípò o. Ní ọdún 1975, ikọ̀ rẹ̀ fi 3 sí 1 lé Barnsley jáde nínú ìdíje FA Cup, Barnsley tó wà nínú líìgì ńlá. Ní 1992, wọ́n fi 4 sí 1 na Halifax Town, wọ́n sì dé ìpele kẹta kí Crewe tó dá wọn dúró. Wọ́n gba ife líìgì Northern Premier ní 1994, wọ́n tún gbà á ní 1995. Bó ṣe yẹ, ẹni tó bá gba ife ló ń gòkè. Marine kò gòkè, nítorí pápá wọn kò kún ojú ìwọ̀n tí ìpele òkè ń béèrè. Ẹ ò rí i pé ilé tó yí pápá ká ló dí wọn lọ́nà, ilé yẹn náà ló sì sọ wọ́n di ẹgbẹ́ àdúgbò. Akọ̀wé yìí gbà pé ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n fi dù wọ́n.

Ọ̀nà ẹgbẹ́ kékeré yìí náà ni Balógun gbà padà sí England. Ní 1955, ó lọ sí Peterborough United. Ẹ má ṣe fi ojú òní wo orúkọ yẹn: Midland League ni Peterborough wà nígbà náà, ọdún 1960 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n sínú líìgì ńlá. Ní 1956, Queens Park Rangers mú un lọ sí London. Ó padà wálé, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Pápá ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Sùúrùlérè, tí wọ́n ṣí ní 2007, gbogbo Èkó ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tó ń wọ ibẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ ìlú kéékèèké ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ni orúkọ náà.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 10, oṣù Kínní, ọdún 2021, gbogbo ayé gbọ́ orúkọ Marine. Ìpele kẹjọ líìgì England ni wọ́n wà. Nínú ìdíje FA Cup, wọ́n ti gbá pẹnárítì borí Colchester United; wọ́n ti na Havant & Waterlooville pẹ̀lú góòlù tí Niall Cummins, olùkọ́ ilé ìwé, fi orí kàn wọlé nígbà tí àfikún àkókò fẹ́ẹ̀ parí. Tottenham Hotspur ni wọ́n wá fà fún wọn, pẹ̀lú José Mourinho, akọ́nimọ̀ọ́gbá Tottenham nígbà náà. Ipò 161 ló wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Àjàkálẹ̀ kòrónà kò jẹ́ kí èrò wọ pápá, àmọ́ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé dúró sínú ọgbà wọn, wọ́n ń wòran láti ibẹ̀.

Akọ̀wé yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péjọ sídìí tẹlifíṣọ̀n kan ní Mushin. Òdo sí òdo ni nígbà tí Neil Kengni ta bọ́ọ̀lù kan láti òkèèrè tó ba ọ̀pá òkè ojú ilé Tottenham. Àwọn ọmọ náà fò dìde. Lẹ́yìn ìyẹn, Carlos Vinícius gbá mẹ́ta wọlé, Lucas Moura gbá ọ̀kan, Alfie Devine tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 gbá ọ̀kan: 5 sí òdo. Ṣùgbọ́n nítorí pé èrò kò lè wọlé, Marine ta tíkẹ́ẹ̀tì orí ayélujára, tí kò gba ẹnikẹ́ni wọ pápá, ní pọ́n-ùn mẹ́wàá mẹ́wàá. Èyí tí wọ́n tà lé ní 30,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rà á jẹ́ alátìlẹyìn Tottenham. Owó tí ì bá wọlé lẹ́nu ọ̀nà bọ̀ sípò, ó tún lé.

Nílé níbí, a ti rí ẹgbẹ́ tó ní owó ju Marine lọ tó parẹ́. Leventis United ti Ìbàdàn gba ife líìgì Naijíríà ní 1986. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó dá a sílẹ̀ yọwọ́, ẹgbẹ́ náà túká. Pápá tí akọ̀wé yìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni àwọn ọmọ dé, tí wọ́n bá yanrìn àti búlọ́ọ̀kù níbi tí ojú ilé wà. Kò sí ẹni tó bi ará àdúgbò léèrè. Ohun tó gba Marine sílẹ̀ fún ọdún tó lé ní 120 ni pé àwọn ará Crosby fúnra wọn ló ń gé koríko, tí wọ́n ń se tíì, tí wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gba owó. Ẹni tó bá fẹ́ ta pápá yẹn yóò kọ́kọ́ dojú kọ wọn.

Marine gòkè ìpele kan ní 2022, wọ́n tún gòkè ní 2024. Ọmọ Yorùbá tó bá wà ní Liverpool tàbí tó bá ń kọjá lọ, kó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Southport ní ọjọ́ Sátidé, kó sọ̀ ní ibùdókọ̀ Blundellsands àti Crosby, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Rossett Park. Bí ó bá jókòó, kó sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé àwọn bàbá wa ti fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní 1949.