Ìwé Tí Teresa Fàlà Sí

Ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń wọ inú àdúrà. Ẹni tó ti ń rí adùn nínú àṣàrò, tó ń jókòó jẹ́ẹ́ níwájú Ọlọ́run láràárọ̀, yóò ṣàdédé rí i pé adùn náà ti gbẹ: ó kúnlẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò dúró, ó ṣíwèé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò wọ̀ ọ́ lára mọ́. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti lè rí alábàárò, àti ìwé tí yóò gbé e ró, ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí láàárín ẹ̀gbọ́n kan, olùkọ́ ìjọ Àgùdà tí kì í sábà kúrò n'Ìbàdàn, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Ávila ní Sípéènì dé.

Onílé: Káàbọ̀, àbúrò mi. Ẹni tí irú èyí bá dé bá níbí, ohun tó máa ń sọ ni pé àdúrà òun kì í gòkè mọ́. Ìmọ̀ràn tó sì máa ń rí gbà kì í pọ̀: kó fi ọjọ́ kún ààwẹ̀ rẹ̀, kó gun orí òkè àdúrà lọ, kó yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan fara pamọ́ síbì kan. Ṣé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún?

Arìnrìn-àjò: Ẹ ṣeun, bọ̀dá mi. Ohun tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tí wọ́n kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ávila, ìlú orí òkè tí odi òkúta yí ká, ni wọ́n bí Teresa Mímọ́ sí lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1515. Ọdún 1535 ló wọ ilé àwọn sísítà Kámẹ́lì tí wọ́n ń pè ní La Encarnación. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé ara rẹ̀ pé fún ọdún 18, òun ò jẹ́ dáwọ́ lé àdúrà àṣàrò láìsí ìwé lọ́wọ́ òun, àfi tí òun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ara Olúwa tán. Láìsí ìwé, ọkàn rẹ̀ á tú ká. Tí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà míì á kà á púpọ̀, nígbà míì ṣíṣí tó ṣí i lásán ti tó.

Onílé: Ìwé wo nìyẹn? Kò lè jẹ́ ìwé àdúrà tí à ń kà lákàsórí.

Arìnrìn-àjò: Kì í ṣe òun. Àìsàn ló jẹ́ kó pàdé ìwé náà. Lọ́dún 1538, wọ́n ń gbé e lọ sí abúlé Becedas fún ìtọ́jú, wọ́n sì yà lọ́dọ̀ Pedro, arákùnrin bàbá rẹ̀, ní Hortigosa. Pedro fún un ní ìwé Francisco de Osuna, Tercer Abecedario Espiritual, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1527. Ìwé náà ń kọ́ni bí èèyàn ṣe lè kó ọkàn rẹ̀ jọ sójú kan, kó sì dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Teresa sọ ọ́ di olùkọ́. Ìtọ́jú Becedas sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1539, ó dákú fún bí ọjọ́ 4, wọ́n ti gbẹ́ ibojì rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó jí, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dá ṣe nǹkan mọ́, ó sì tó bí ọdún 3 kí ara rẹ̀ tó mókun. Ìtàn Jóòbù, tó ti kà nínú ìwé Gregory Mímọ́, ló ń ràn án lọ́wọ́ láti fara da ìrora yẹn.

Onílé: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé ti tó. Kí ló tún ń wá èèyàn fún?

Arìnrìn-àjò: Kò tó, bọ̀dá mi. Inú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ yẹn náà ló ti kọ ọ́ pé fún 20 ọdún, òun wá àlùfáà tí ohun tó ń ṣe òun yóò yé, òun ò rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá pàdé, ààbọ̀ ìmọ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, ó sì sọ ọ́ gbangba pé irú wọn ló pa òun lára. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tó pa àdúrà àṣàrò tì fún ohun tó lé ní ọdún kan, nítorí ó ka ara rẹ̀ sí ẹni tí kò yẹ. Ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, ìdẹwò ni. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú lọ́dún 1543 ni Vicente Barrón, àlùfáà ẹgbẹ́ Dominic tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ bàbá náà, gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ pẹ̀lú, tó sì ní kó padà sídìí àdúrà. Ó padà, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Onílé: Ó yé mi. Ìwé ò lè mọ ìgbà tí ẹni tó ń kà á bá ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Arìnrìn-àjò: Ibi tí ìwé àti èèyàn ti pàdé gan-an ló yẹ ká dúró sí. Lẹ́yìn ọdún 1554, ọdún tí Ìjẹ́wọ́ Augustine Mímọ́ jáde ní èdè Sípéènì tí Teresa sì kà á tẹkún tẹkún, àdúrà rẹ̀ yí padà. Ó máa ń rí i pé Ọlọ́run wà nítòsí débi pé ọkàn rẹ̀ ò lè ro nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rù bà á, nítorí láyé ìgbà yẹn, àwọn obìnrin kan tí gbogbo Sípéènì ń bu ọlá fún nítorí ìran ti já sí ẹlẹ́tàn. Ó fẹ́ ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àwọn ọkùnrin méjì tó gbẹ́kẹ̀ lé, Gaspar Daza tó jẹ́ àlùfáà, àti Francisco de Salcedo, ọkùnrin ọlọ́lá kan tó ní ìyàwó. Kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó wá inú ìwé lọ, ó sì bá nǹkan tó ń ṣe é pàdé nínú Subida del Monte Sión, ìwé Bernardino de Laredo. Ó fa ìlà sí gbogbo ibi tó jọ tirẹ̀, ó sì gbé ìwé náà fún àwọn méjèèjì.

Onílé: Ẹ wo ọgbọ́n obìnrin! Ó yá ẹnu ẹlòmíì sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Kí ni wọ́n wá wí?

Arìnrìn-àjò: Wọ́n ní iṣẹ́ Sátánì ni.

Onílé: Háà!

Arìnrìn-àjò: Ó sunkún títí, kò mọ ohun tí ì bá ṣe. Àmọ́ àwọn ọkùnrin méjì yẹn ṣe ohun kan tó yẹ ká yìn wọ́n fún: wọ́n mọ ibi tí òye wọn mọ. Wọ́n ní kó lọ bá àwọn àlùfáà Jésúìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà. Diego de Cetina, ọ̀dọ́mọdé àlùfáà, gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní Ẹ̀mí Ọlọ́run ni, kó má jáwọ́ nínú àdúrà. Lọ́dún 1560, Pedro de Alcántara, àgbà kan nínú ẹgbẹ́ Francis, wá sí Ávila. Ohun tí Teresa ń sọ ti ṣẹlẹ̀ sí òun náà rí. Gbólóhùn díẹ̀ ti tó fún un. Ó tún lọ bá àwọn tó ń fura sí obìnrin náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Onílé: Ààwẹ̀ ńkọ́? Èmi ti rí ẹni tí wọ́n fi ààwẹ̀ lé lórí títí tí kò fi lè dìde mọ́.

Arìnrìn-àjò: Teresa rí irú rẹ̀. Nínú Las Moradas, ìwé tó kọ lọ́dún 1577, ó sọ ti ẹnì kan tó máa ń wà bí ẹni tí kò sí láyé fún wákàtí 8, tí òun àti àlùfáà tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ rò pé Ọlọ́run ló gbé e lọ. Nígbà tí ẹni tó lóye rí i, wọ́n ní kó dín ìfìyàjẹra kù, kó máa jẹun, kó máa sùn. Gbogbo rẹ̀ sì dópin. Juan ti Àgbélébùú, ẹni tí wọ́n jọ tún ẹgbẹ́ Kámẹ́lì ṣe, fi àmì 3 lélẹ̀ tí èèyàn lè fi mọ ọ̀gbẹlẹ̀ tó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá. Ẹni náà ò rí adùn nínú ohun Ọlọ́run, kò sì rí i nínú ohun ayé pẹ̀lú. Ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó ń dùn ún pé òun ń padà sẹ́yìn. Bó sì ti wù kó gbìyànjú tó, kò lè fi èrò inú ṣàṣàrò bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Juan mọ̀ pé àìsàn ìbànújẹ́ náà lè mú kí ohun gbogbo sú èèyàn, ìdí nìyí tí kò fi jẹ́ kí àmì kan dá dúró.

Onílé: Àmì kejì yẹn ló tù mí nínú jù. Ẹni tí kò bìkítà kọ́ ló ń sunkún pé àdúrà òun ò gòkè.

Arìnrìn-àjò: Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Juan ò sì sọ ọ́ láti orí àga ìtura. Láti oṣù Kejìlá 1577 títí di oṣù Kẹjọ 1578, àwọn ará ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an tì í mọ́ yàrá tóóró kan ní Toledo, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun ewì rẹ̀. Ìbínú rẹ̀ tó le jù nínú ìwé rẹ̀, sí àwọn olùtọ́sọ́nà ni. Ó fi wọ́n wé alágbẹ̀dẹ tí kò mọ̀ ju kó fi òòlù lu irin lọ: ẹni tí Ọlọ́run ń mú lọ sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á ní kó tún máa fi agbára ronú.

Onílé: Ẹni tí kò bá rí irú Pedro de Alcántara yẹn ńkọ́? Kò wọ́pọ̀ níbí.

Arìnrìn-àjò: Teresa ní kí ẹni tó ń gbàdúrà àṣàrò, pàápàá níbẹ̀rẹ̀, wá ọ̀rẹ́ láàárín àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe dandan kí wọ́n jẹ́ ọ̀gá. Ìwé sì ni òun náà fi ń ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Lọ́dún 1559, Fernando de Valdés, olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣèwádìí àdámọ̀, fi òfin de ọ̀pọ̀ ìwé àdúrà tó wà ní èdè Sípéènì. Teresa ò gbọ́ Látìn. Ó dùn ún gan-an. Nígbà tó dá ilé àwọn sísítà San José sílẹ̀ lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1562, pẹ̀lú obìnrin 4, ó kọ Camino de Perfección fún wọn. Nínú òfin ilé náà, ó ní kí ìyá tó jẹ́ olórí rí i pé ìwé rere wà níbẹ̀: ìtàn àwọn ẹni mímọ́, Ìfarawé Kristi, ìwé Luis de Granada àti ti Pedro de Alcántara. Ó ní ọkàn nílò wọn bí ara ṣe nílò oúnjẹ.

Onílé: A ò ṣàìní tiwa náà. Sáàmù 88 wà nínú Bíbélì Yorùbá, inú òkùnkùn ni ẹni tó kọ ọ́ bẹ̀rẹ̀, inú òkùnkùn náà ló parí rẹ̀ sí, síbẹ̀ Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀ látòkèdélẹ̀. Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ tún wà, ìwé John Bunyan, tí David Hinderer, ọmọ Jámánì tó kọ́lé sí Kúdẹtì níbí, túmọ̀. Nínú rẹ̀, èrò náà jìn sínú ẹrẹ̀ àìnírètí, kò sì dá jáde. Ẹnì kan ló na ọwọ́ sí i.

Arìnrìn-àjò: Ẹ fàlà sí ibẹ̀, bọ̀dá mi.

Onílé: Màá fàlà sí i. Mo sì ní ọ̀rọ̀ kan fún àwa olùkọ́ ìjọ. Tí ẹnì kan bá wá sọ fún wa pé àdúrà òun kì í gòkè mọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ń sùn, bóyá ó ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ìwé kan, ká ní kó fa ìlà sí ibi tó bá jọ tirẹ̀ kó sì gbé e padà wá. Tí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára wa lọ, ẹ jẹ́ ká sọ fún un, ká sì mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ jù wá lọ, ìbáà ṣe àlùfáà, ìbáà ṣe dókítà.