Apànìyàn Tí Ó Ń Sin Ẹyẹ

Nínú Le Samouraï, sinimá tí Jean-Pierre Melville gbé jáde ní ọdún 1967, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 10 kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Jef Costello, ẹni tí wọ́n ń fi owó rán níṣẹ́ ikú, dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí kò lọ́ṣọ̀ọ́, ó ń mu sìgá. Ẹyẹ kan ń ké nínú àgò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Lomé fẹ́ràn ọkùnrin náà. N kò bá wọn wí. Ta ni yóò kórìíra Alain Delon? Ẹyẹ yẹn ni ó ń bà mí lẹ́rù. Apànìyàn náà mọ̀ ọ́n débi pé ìṣesí rẹ̀ ni ó fi mọ̀ pé àjèjì ti wọ yàrá.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2001, wọ́n yìnbọn pa Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́ Nàìjíríà, nínú yàrá rẹ̀ ní Bódìjà, Ìbàdàn. Ilé ẹjọ́ kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú náà. Ẹni tí ó yìnbọn lè ti di bàbá ọmọ, kí ó máa kí aládùúgbò ní òwúrọ̀, kí ó máa ná iṣu lọ́jà. Melville fi tirẹ̀ hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tiwa, a kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó ń sin ẹyẹ.