Bí Ẹsẹ̀ Ẹṣin Bá Kán

Ara ẹṣin ni iṣẹ́ àwa dókítà ẹranko ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Claude Bourgelat, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Lyon, ilẹ̀ Faransé, ní 1761, ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹṣin gígùn ni tẹ́lẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, Ọ̀yọ́ ti ń fi ẹṣin jagun ṣáájú ìgbà náà. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra àwọn ẹṣin náà, torí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó ràn ẹṣin kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nínú igbó.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá kán, ọ̀bẹ ni wọ́n ń wá. Lónìí abẹ́rẹ́ ikú tí kì í jẹ́ kó jẹ̀rora wà, ṣùgbọ́n ìpinnu láti pa á kò tíì fúyẹ́.

Ẹṣin àgbà a máa wúwo tó 400 kílò, kò sì lè dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì bí ènìyàn. Lábẹ́ orúnkún rẹ̀ kò sí ẹran. Bí egungun bá kán, ó lè tètè gún awọ yọ síta, kí ìdọ̀tí sì wọ̀ ọ́. Bí a bá tiẹ̀ dì í, ẹsẹ̀ kejì ni yóò máa ru gbogbo ara, títí pátákò rẹ̀ yóò fi lè ya kúrò lára egungun inú rẹ̀. Ohun tó bá Barbaro jà nìyẹn, ẹṣin tó gba ipò kìíní ní Kentucky Derby ní Amẹ́ríkà ní 2006. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ní oṣù Karùn-ún. Àwọn olówó rẹ̀ náwó, àwọn ọ̀jáfáfá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un; síbẹ̀, ní oṣù Kìíní 2007, abẹ́rẹ́ ikú náà ni wọ́n fún un.

Nígbà kan tí Ojúde Ọba, ọdún tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìjẹ̀bú fi ń lọ kí Awùjalẹ̀ ọba wọn, ń sún mọ́lé, ẹṣin bàbá kan yọ̀ ṣubú lórí títì ọlọ́dà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Bàbá ní, “Dókítà, ẹ bá mi dì í. Òun ni mo gùn lọ kí Awùjalẹ̀.” Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n pa á, kí wọ́n pín ẹran. Mo fi ibi tí egungun ti kán han bàbá, mo ní, “Bàbá, ìrora nìkan la lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.” Ó ní ṣe ló ń ṣe òun bí ẹni pé òun fẹ́ dalẹ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹran tó bá gba abẹ́rẹ́ yẹn kò ṣeé jẹ fún ènìyàn tàbí ajá; sísin ló tọ́ sí i.

Èmi kì í kọ́kọ́ bi olówó ẹṣin pé kí ni ká ṣe. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ pé kò lè là á, kí ọ̀rọ̀ náà má baà di ẹrù sí i lọ́rùn nìkan. Bí inú bá bí i sí mi, mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹṣin, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán, ẹ má fi ipá mú un rìn, ẹ má sì dúró di ọ̀la. Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.