Ohun Tó Wà Lábẹ́ Rírẹ́

Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní Odo-Ape, ìlú wa nílẹ̀ Bùnú, tó jẹ́ pé téèyàn bá wò ó láti ojú títì, yóò rò pé búlọ́ọ̀kù ni, bẹ́ẹ̀ amọ̀ ni. Àwọn àgbà ló mọ ọ́n. Àwọn ọmọ tó ríṣẹ́ nídàálẹ̀ ló wá rán owó wálé lẹ́yìn náà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù kọ́ ara irú ògiri bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ rírẹ́ náà, nítorí rírẹ́ nìkan kò lè gbé ẹrù.

Kí ló dé tí a ó fi gbé e kọ́ ògiri? Nítorí abẹ́rẹ́ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé, abẹ́rẹ́ kì í tẹ àwo ju gíráàmù méjì lọ, ojú ọ̀nà tó ń tọ̀ lórí àwo kò sì fẹ̀ ju fọ́nrán irun lọ. Ohunkóhun tó bá mi ẹ̀rọ náà, abẹ́rẹ́ á kó o pọ̀ mọ́ orin. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ti jẹ́ pákó, ìrìn ẹsẹ̀ lásán tó láti mú kí abẹ́rẹ́ fò. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tiwa kì í sábà mì. Tábìlì ló ń mì. Ẹ jẹ́ kí ọdún Kérésìmesì dé, kí ẹbí ti Lọ́kọ́ja àti Àbújá wálé, kí àwọn ọmọdé máa jó ní pálọ̀, ẹ ó rí i. Abẹ́rẹ́ á fò, á ha àwo, àwo tó bá sì ti ha kò ní àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Láti àwọn ọdún 1920 tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti kọrin sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ni ohùn àwọn èèyàn wa ti wà lórí àwo. Àwọn àwo Haruna Ishola àti I. K. Dairo tí bàbá mi rà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lókè ọya ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi gbọ́ wọn.

Láti mọ ohun tó wà lábẹ́ rírẹ́, ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri. Búlọ́ọ̀kù oníhò á dún bí ohun tó ṣófo, amọ̀ á dún kíkì. Kó lè dájú, ẹ ha rírẹ́ díẹ̀ níbi tí ojú kò tó, kí ẹ wò bóyá yẹ̀pẹ̀ pupa ló wà níbẹ̀ tàbí yanrìn aláwọ̀ eérú. Tó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù, dírílì àti fíṣà, ìyẹn ike tó ń di ìṣó mú nínú ihò, lè ṣe é, bí ihò bá bọ́ sí ibi tó le. Bó bá bọ́ sínú ihò búlọ́ọ̀kù, fíṣà á kàn máa yí ni. Kí bíríkìlà fi kọnkéré dí ibẹ̀, kó sì gbẹ dáadáa kí wọ́n tó tún un lu. Ẹ má sì lu òkè tàbí ìsàlẹ̀ ojú iná láé, torí ibẹ̀ ni wáyà sábà ń gbà.

Ògiri amọ̀ kò gba fíṣà. Bóòtù gígùn ni kí ẹ kì bọ inú ògiri, kó yọ lódìkejì, kí pẹlẹbẹ irin fífẹ̀ dì í mú lẹ́yìn. Ọ̀nà kejì, tó jọ ti òfì, ló wù mí jù. Àwọn ìyá wa ní Bùnú, lórí òfì tó dúró ṣánṣán ti ògiri ni wọ́n ti máa ń hun aṣọ tẹ́lẹ̀. Igi òfì ló ń gbé iṣẹ́, ó kàn fẹ̀yìn ti ògiri ni. Bákan náà ni kí wẹ́dà jó irin méjì tó máa dúró lórí ilẹ̀, kí a so wọ́n mọ́ ògiri lókè, kí pákó ẹ̀rọ sì jókòó lórí wọn. Irin ni mo yàn, torí ikán ìlú wa kì í fi igi sílẹ̀.

Ìwúwo ẹ̀rọ náà kì í ṣe kékeré. Ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù Technics SL-1200, tó kọ́kọ́ jáde ní 1972, ní oríṣi tó wúwo ju kílò 12 lọ. Bí pákó bá ṣe yọ síta tó ni ẹrù á ṣe máa fa bóòtù òkè tó, nítorí náà kí apá irin tó lẹ̀ mọ́ ògiri gùn wálẹ̀ dáadáa. Kí ẹ̀rọ tó gorí rẹ̀, ẹ gbé ààbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì, tí í ṣe kílò 25, sórí pákó náà, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Ní ti ògiri tí a ó yàn, kó má jẹ́ èyí tí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kó má sì jẹ́ èyí tí sípíkà wà lára rẹ̀, torí ìró rẹ̀ á padà sínú abẹ́rẹ́, á máa hu. Kí oòrùn ojú fèrèsé má bà á, kí àwo má baà lọ́. Ẹ fi ìdérí bo ẹ̀rọ náà lásìkò ọyẹ́, eruku wa pọ̀. Ní ti gíga, mo fẹ́ kó ga ju ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, kó sì wà níbi tí ìyá àgbà á ti lè gbé abẹ́rẹ́ sórí àwo fúnra rẹ̀ láìnà gàgà.