Háhá Tí Mo Ń Sẹ́ Dà Nù

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ dín ìsanra kù, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn máa ń sọ fún un ni pé kó yéé mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó máa jẹ èso. Ìmọ̀ràn gidi ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Èmi náà gbà á, mo sì tẹ̀ lé e tọkàntọkàn. Àmọ́ ńṣe ni mò ń sanra sí i, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣì í. Owó tí mo ná sí i kò dùn mí tó àkókò tó bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́.

Ìpakodò ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi sì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 yóò mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Nínú ọkọ̀, ìjókòó ni. Níbi iṣẹ́, ìjókòó ni. Bí a bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ìjókòó náà ni. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ru, dókítà ní kí n tètè wá nǹkan ṣe sí bí mo ṣe sanra. Mo fi búrẹ́dì sílẹ̀. Mo fi ṣúgà inú tíì sílẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò tí mo fẹ́ràn gan-an, mo fi òun náà sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ nínú Òfin Ìnáwó ti 2021, ọkàn mi balẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣúgà ti kọjá lórí mi.

Èso ni mo fi dípò wọn. Ní Sábó, ní Ìkòròdú, kò sí ìgbà tí èèyàn lọ tí kò ní rí èso rà. Mo máa ń ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó, bàrà olómi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àti dàbínù lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń tì í kiri nínú bárò. Oyin gidi tí kò ní àbùlà ni mò ń wá, mi ò sì ń wo ti owó rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, màá kó gbogbo rẹ̀ sínú blẹ́ńdà, màá lọ̀ ọ́ kúnná, màá fi asẹ́ sẹ́ ẹ kó lè dùn ún mu, màá da háhá rẹ̀ fún ewúrẹ́ aládùúgbò wa. Omi rẹ̀ á kún ìgò lítà kan. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté Ìpakodò ni mo máa ń ṣí i, kí a tó gúnlẹ̀ ní Èbúté Èrò, ó ti tán.

Kò ní í pé aago mẹ́wàá tí ebi á fi dé. Màá jẹ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń jẹ, màá sì padà sílé lọ jẹ ẹ̀bà mi bí mo ṣe máa ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, mi ò tíì jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ yẹn rárá. Omi èso lásán ni mo mu.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà wà, mo sì fẹ́ kí ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ṣúgà tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fi sínú èso, tàbí èyí tí oyin kó jọ látinú òdòdó, kò lè kó sí èèyàn lára. Èyí tí ilé iṣẹ́ ń ṣe nìkan ni mo kà sí ọ̀tá. Nígbà tí búbà bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi lápá, mo rò pé alágbàfọ̀ ló mú un súnkì. Nígbà tí òṣùwọ̀n ní mo ti wúwo sí i, mo rò pé òṣùwọ̀n náà ti bàjẹ́. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń yọ́ ọ̀rá, mo tún fi ìyẹn kún un ní òwúrọ̀ kùtù. Bí mo ṣe ń sanra sí i ni mò ń fi kún ohun tó ń mú mi sanra, tí mo sì ń gbàdúrà kó ṣiṣẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá bá mi lópin ọ̀sẹ̀ kan. Ó wo ìgò náà, kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí n gbé àtẹ wá, kí n kó gbogbo ohun tí mò ń lọ̀ sórí rẹ̀ láì lọ̀ ọ́. Mo kó o sílẹ̀: ìdajì ọ̀pẹ̀ òyìnbó kékeré kan, ègé bàrà olómi ńlá kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́ta, dàbínù ẹ̀kúnwọ́ kan, oyin ṣíbí ọbẹ̀ méjì. Ó ní, “Àǹtí mi, ó yá, ẹ jẹ ẹ́.” Mo bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, mo mú ìkejì, mo jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń ro mí. Àtẹ ò tíì dé ìdajì tí mo fi yó. Ó ní, “Ẹ̀rọ ló máa ń bá yín jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó gbé e mu. Ikùn yín ò mọ̀ pé ẹ jẹun.”

Ó mú bírò, ó ṣírò rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ náà lé ní kálórì 800, ṣúgà inú rẹ̀ sì lé ní gíráàmù 150. Ṣíbí ìpo-tíì kan gba bíi gíráàmù 4. Oyin tí mo fọkàn tán jù, ṣíbí ọbẹ̀ kan rẹ̀ ní kálórì bíi 64, bẹ́ẹ̀ ṣíbí ọbẹ̀ ṣúgà funfun kan kò ju bíi 50 lọ, torí oyin ki, ó sì wúwo ju ṣúgà lọ. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oyin àti omi èso mọ́ irú ṣúgà tó yẹ kéèyàn dín kù, wọ́n sì ní ara yóò jàǹfààní bí kò bá ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ lóòjọ́. Oyin inú ìgò mi nìkan ti kọjá ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò ka ṣúgà tó wà nínú odidi èso mọ́ ọn. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù, torí mo ti fẹ́ bínú sí èso pátápátá.

Háhá ló fa ìyàtọ̀ náà. Lọ́dún 1977, àwọn oníṣègùn kan ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn èèyàn mẹ́wàá ní ápù: odidi rẹ̀ nígbà kan, èyí tí wọ́n lọ̀ nígbà kan, omi rẹ̀ nìkan nígbà mìíràn. Omi rẹ̀ ló yá jù láti gbé mì, òun náà ni kò sì jẹ́ kí wọ́n yó bí odidi ápù ṣe ń yóni. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Harvard gbé ìwádìí jáde lórí àwọn èèyàn tó lé ní 187,000: àwọn tó ń jẹ odidi èso dáadáa kì í sábà ní ìtọ̀ ṣúgà tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́, àmọ́ ti àwọn tó ń mu omi èso lójoojúmọ́ ń pọ̀ sí i ni. Ohun tí mò ń dà fún ewúrẹ́ ni mo ra èso fún.

Kì í ṣe blẹ́ńdà nìkan ló ń ṣe èyí sí wa. Ẹ wo bí a ṣe ń mu ọsàn. Ìyá ọlọ́sàn á bó o, á gé orí rẹ̀, a ó fún omi rẹ̀ sẹ́nu, a ó ju ìyókù nù. Èèyàn lè mu márùn-ún lórí ìdúró. Ní báyìí, ńṣe ni mò ń ní kí wọ́n là á sí mẹ́rin, màá sì jẹ ẹ́ tòun ti háhá rẹ̀. Bí mo bá ti jẹ méjì, ó tó mi. Tí àgbálùmọ̀ bá dé lọ́yẹ́, mo ń jẹ ẹ́ dáadáa. Dàbínù ti di ohun tí mò ń jẹ lẹ́yọ lẹ́yọ, torí èso tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ ni, ṣúgà rẹ̀ sì ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Oyin ti padà sí ipò ṣúgà nílé mi. Lọ́jọ́ tí mo bá jẹ ìbẹ́pẹ lálẹ́, mo máa ń bu ẹ̀bà kù, torí mo ti wá mọ̀ pé oúnjẹ ni èso. Ara mi kò fúyẹ́ lọ́sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ẹ̀jẹ̀ mi sì ti rọlẹ̀ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí àtẹ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó bá sì ti ní ìtọ̀ ṣúgà, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè iye èso tó lè jẹ lóòjọ́ kó tó ṣe ohunkóhun nínú èyí tí mo sọ.