Ìrìn Àjò Wa sí Sàró

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, nígbà tí a sọ fún àwọn ará ilé pé àwa nìkan yóò fi ẹsẹ̀ ilẹ̀ lọ sí Sàró, ẹkún ni ìyá wa fi dá wa lóhùn. Ohun méjì péré ni wọ́n mọ̀ nípa ilẹ̀ náà: ogun tí ó jà níbẹ̀ láti 1991 títí di 2002, àti àrùn Ẹ̀bólà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 2014, tí ó pa àwọn ènìyàn tí iye wọn súnmọ́ 4,000. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọkàn wa ti ń fà sí ibi tí a sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí ní 1822, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú.

Owó oṣù wa kò tó láti wọ ọkọ̀ òfurufú. A mú ìwé ìrìnnà, ìwé àjẹsára ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, àti owó tí a pín sí ọ̀nà méjì, ìdajì nínú àpò, ìdajì lábẹ́ aṣọ. Nítorí àdéhùn ECOWAS, a kò bèèrè ìwé àṣẹ ìwọ̀lú lọ́wọ́ wa. Ọ̀sán ni a ń rìn; bí oòrùn bá ti ń wọ̀, a ó wá ilé àlejò olówó pọ́ọ́kú. Báyìí ni a gba Kútọnu, Lomé, Àkírà, Abidjan àti Monrovia, títí a fi la odò Mano kọjá. Àwọn kan tọrọ owó lọ́wọ́ wa ní ẹnubodè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ṣe wá ní ibi.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, nínú pódà-pódà, èyí tí í ṣe dáńfó tiwọn, ìyá arúgbó kan jókòó tì wá. Wọ́n tú ìdì àkàrà, wọ́n sì mú méjì fún wa. Àkàrà náà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn wa tí a gbà nínú ọkọ̀ ẹrú fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú èdè Kírió. A kọ̀ ọ́, a ní a ti yó. Irọ́ ni, ebi ń pa wá gidigidi.

Ìyá náà wò wá títí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo mọ ojú yẹn. Àkàrà ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí àrùn náà pa ọkọ mi, oṣù méje ni ẹnìkan kò fi ra àkàrà lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni èmi kò ṣàìsàn ní ọjọ́ kan.”

Ojú tì wá. A rántí pé ní 2014 kan náà ni àrùn yìí dé Nàìjíríà, tí ó mú ènìyàn 20, tí 8 sì kú nínú wọn. Títí di òní, àwọn kan wà ní òkèèrè tí ẹkún ìyá wọn kò jẹ́ kí wọ́n wá sí ilẹ̀ tiwa. A na ọwọ́, a gba àkàrà náà, a sì jẹ ẹ́. Ìyá náà kò wí nǹkan kan. Wọ́n tún fi ẹyọ kan lé e.

A dé Freetown, a rí ògiri ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ti Fourah Bay, tí a dá sílẹ̀ ní 1827. A rí igi àràbà ńlá àárín ìlú, èyí tí ìjì wó ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ṣùgbọ́n àkàrà ìyá náà ni a máa ń rántí jù.

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ewu ń bẹ lójú ọ̀nà, ọlọ́gbọ́n kì í sì í rin òru ní ilẹ̀ àjèjì; ṣùgbọ́n ìṣọ́ra yàtọ̀ sí ẹ̀gàn. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń sọ fún àwọn ọmọ nípa ilẹ̀ tí ogun ti jà, ẹ má ṣe gbàgbé láti sọ ọdún tí ogun náà parí.